Josephine Baker: Òkìkí Ló Fi Ṣe Amí, Kì Í Ṣe Ara Rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì fẹ́ kọ eré orí ìtàgé nípa Josephine Baker, oníjó tó ṣe amí fún Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Báwo ni mo ṣe lè ṣàfihàn bó ṣe ń fa ojú àwọn ọ̀gágun Jámánì mọ́ra láti gba àṣírí, tí kò fi ní ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jẹ́?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ yọ àwọn ọ̀gágun yẹn kúrò nínú eré náà pátápátá. Lóòótọ́, St. Louis ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1906, ṣùgbọ́n Paris ló ti ń jó láti 1925, ó di ọmọ ilẹ̀ Faransé ní 1937, ilẹ̀ Faransé náà ló sì ṣe amí fún.

Lemọ́lemọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì ń dùn mí, nítorí pé àwọn tó ń fi ìtàn pawó ti sọ obìnrin tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu di alágbèrè. Ìtàn Mata Hari, oníjó tí wọ́n ní ó ń fi ẹwà gba àṣírí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gágun, tí ilẹ̀ Faransé sì yìnbọn pa ní 1917, ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Iṣẹ́ tí Jacques Abtey, ọ̀gá nínú ẹ̀ka amí ológun ilẹ̀ Faransé, gbà á sí ní 1939 kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n nílò ni ẹni tí ilé àwọn aṣojú ìjọba ń pè sí àríyá, tó lè dákẹ́ gbọ́rọ̀, tó sì lè ré kọjá ẹnubodè láìsí ìfura.

Ẹ wo ìrìn àjò rẹ̀ sí Lisbon, ní ilẹ̀ Pọ́túgà, ní 1940. Wọ́n fi tádáwà tí ojú kò lè rí kọ ìròyìn nípa àwọn ọmọ ogun Jámánì sára àwọn ìwé orin rẹ̀, Abtey sì yí orúkọ padà, ó ń bá a lọ bí akọ̀wé rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè tó yẹ kí wọ́n tú ẹrù náà wò, gbajúmọ̀ olórin ni wọ́n ń wò. Nígbà mìíràn, inú àwọ̀tẹ́lẹ̀ ló máa ń fi abẹ́rẹ́ há ìwé pélébé sí. Nígbà tí àìsàn líle dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù púpọ̀ ní Casablanca, ní ilẹ̀ Mòrókò, yàrá ilé ìwòsàn rẹ̀ di ibi ìpàdé, torí pé kò sẹ́ni tó ń fura sí ẹni tó wá kí aláìsàn.

Ìran ẹnubodè yẹn ni kí ẹ gbé ka iwájú. N kò tíì ka eré yín, nítorí náà n kò lè fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ohun tí ẹ bá hùmọ̀ ní òótọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kà á ṣáájú. Ní ti aṣọ, yẹ̀rì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ti 1926 ni, ẹ má gbé e wọ inú ogun. Ní 1944, aṣọ ológun òfurufú ló wà lọ́rùn rẹ̀.