Ṣé lóòótọ́ ni pé ọwọ́ òsì ni Jimi Hendrix fi ń ta gìtá?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ òsì ni Jimi Hendrix, gbajúmọ̀ olórin rọ́ọ̀kì ọmọ Amẹ́ríkà, fi ń ta gìtá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gìtá àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń lò. Ńṣe ló máa ń yí i po, tí yóò sì tún okùn rẹ̀ tò kí èyí tó nípọn jù lè wà lókè. Nítorí náà, àwọn bọ́tìnì tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ gìtá á wá bọ́ sókè. Fender Stratocaster ni gìtá tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù. Kì í ṣe ohun gbogbo ló ń fi òsì ṣe o: ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé.

Seattle ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1942. Ó ṣiṣẹ́ ológun fúngbà díẹ̀, ó sì ta gìtá fún àwọn olórin mìíràn kó tó lọ sí London lọ́dún 1966, níbi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn. London náà ló kú sí lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, lẹ́ni ọdún 27.