Àbúrò mi, ibi tí ètò ti ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí o ti lọ kọ́ṣẹ́

Ìbéèrè: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin ọmọ ọdún 22 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí OND nínú Mass Communication. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló wù mí, pàápàá iṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìbàdàn ní kí n wá sanwó, àwọn á kọ́ mi fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á sì fún mi ní sàtífíkéètì. Bàbá kan tó ń ṣe ètò fún tẹlifíṣọ̀n, Ìbàdàn náà ni wọ́n wà, ní àwọn lè gbà mí bí ọmọ iṣẹ́ fún ọdún méjì. N kò ní sanwó, àwọn náà kò sì ní san nǹkan kan fún mi. Màmá mi ní àwọn ò rán ọmọ lọ sí Poli kó lè wá máa gbé wáyà kiri fún ẹnikẹ́ni. Èwo ni kí n ṣe? Kí ló sì yẹ kí n bi bàbá náà kí n tó gbà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bá mi kí Màmá. Ọ̀rọ̀ wáyà tí wọ́n sọ yẹn, mo máa padà sórí rẹ̀, torí pé ó dùn mí lọ́kàn.

Tí ó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀dọ̀ bàbá náà ni mo máa lọ, ṣùgbọ́n n kò ní gba ọdún méjì lọ́wọ́ wọn. Ọdún kan ni mo máa bẹ̀ fún. O mọ̀ pé ẹni tó bá gba OND gbọ́dọ̀ ṣe IT, ìyẹn ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́, fún ọdún kan kí wọ́n tó gbà á fún HND. Jẹ́ kí ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ jẹ́ IT yẹn gan-an. Bèèrè bóyá bàbá náà ti fi orúkọ ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, CAC, bóyá wọ́n sì ní ìwé onílẹ́tàhẹ́ẹ̀dì tí wọ́n lè fi kọ ọ́ pé o bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Bí wọ́n bá ní in, ọdún kan yẹn á ṣiṣẹ́ méjì fún ọ. Tí o bá tún fẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, owó oṣù ni kí ẹ jọ sọ nígbà náà.

N kò ní kí o kó ilé ẹ̀kọ́ dànù. Ohun tí oṣù mẹ́ta lè kọ́ ọ ni orúkọ àwọn irinṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń tan kámẹ́rà. Nǹkan tó ń mú ènìyàn di ẹni tẹlifíṣọ̀n ni ọjọ́ àti aago, ìyẹn kò sì sí ní kíláàsì. Ní kíláàsì, bí ohùn bá bàjẹ́, olùkọ́ á fún ọ ní máàkì kékeré, ó parí. Lọ́dọ̀ olóòtú tó dá dúró, owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra àkókò orí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á tún wá onígbọ̀wọ́ tí yóò fi ìpolówó ọjà sí i kí owó wọn tó padà. Ààyè ìṣẹ́jú 30 tí wọ́n rà, bí o bá yọ ìpolówó kúrò, bí ìṣẹ́jú 25 tàbí 26 ni ètò fúnra rẹ̀. Bí o bá gbé ìṣẹ́jú 28 lọ, wọ́n á gé e, ibi tí wọ́n sì máa gé lè jẹ́ àárín ọ̀rọ̀ Kábíyèsí. Bí o kò bá gbé e dé lásìkò, owó ti lọ, onígbọ̀wọ́ ti bínú. Ẹni tó bá wà níbi tí irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún kan, ó ti rí ètò bí 50 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí o máa bi bàbá ni pé: ètò wo lẹ ní lórí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ wo, ọjọ́ wo, aago mélòó? Kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe nígbà kan, kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, jókòó wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣé ó ń jáde lásìkò? Ṣé o ń gbọ́ ohun tí àlejò ń sọ ketekete? Bí ó bá jẹ́ òde ìgbéyàwó àti ìsìnkú nìkan ni wọ́n ń yà, iṣẹ́ rere ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jẹun nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. O ò ní kọ́ tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ wáyà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wáyà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ mi, wáyà ni mo gbé. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ká. Mo máa ń wé e mọ́ ọwọ́ àti ìgúnpá, bí ẹni tó ń ká okùn kànga. Ọ̀gá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n tú u, wọ́n ní kí n wò ó. Wáyà náà lọ́ mọ́ra bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú rọ́bà yẹn, okùn bàbà tín-tìn-tín ló wà níbẹ̀, bí o bá ń lọ́ ọ sí ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́, yóò já lọ́jọ́ kan láì jẹ́ pé rọ́bà ya, ìwọ á kàn máa gbọ́ kẹrẹkẹrẹ lórí ohùn gómìnà. Bí wọ́n ṣe ń ká a ni pé ká òrùka kan sọ́wọ́ bó ṣe máa ń rí, kí o wá yí ọwọ́ padà fún èyí tó tẹ̀ lé e kí ó gba abẹ́ wọlé, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lábẹ́, títí yóò fi tán. Bí o bá ju irú wáyà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó máa tẹ́ gbọọrọ láì ta kókó. Ẹni tó bá mọ wáyà mọ ibi tí iná ti wọlé, ibi tí ohùn gbà kọjá, àti ibi tí ìjàǹbá ti lè bẹ̀rẹ̀. Ohun tí olùdarí ń wá lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ibẹ̀ náà lo ti máa mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pariwo 25, 25. Iná mànàmáná wa ní Nàìjíríà, ìgbà 50 ló ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì ń fi shutter, ìyẹn àsìkò tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá. Fóònù ọwọ́ rẹ, 30 ni wọ́n sábà ti tò ó sí láti ilé iṣẹ́. Gbé e lọ sí gbọ̀ngàn tó ní gílóòbù olówó pọ́ọ́kú, wàá rí i tí ilà dúdú ń rìn gba ojú ìyàwó kọjá. Ó ṣòro kí ẹ́díìtì tún un ṣe dáadáa.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí o kọ́ ṣíwájú kámẹ́rà ni ohùn. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń sáré sí kámẹ́rà, kò sẹ́ni tó fẹ́ di máìkì mú. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n rán wa lọ bá ìyá àgbà aláró kan ní Abẹ́òkúta. Ìyá yìí jókòó sí pálọ̀ wọn, ọwọ́ wọn dúdú fún aró dé ọrùn ọwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ta orin kan sí i, orin tí ìyá wọn máa ń kọ nídìí ìkòkò aró. Èmi ni mo wà nídìí ohùn. Ooru mú mi, mo fi headphone kọ́ ọrùn dípò etí. Fìríìjì kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó ń kùn, ó ń dákẹ́, ó tún ń kùn. Etí ènìyàn máa ń mọ́wọ́ kúrò lára ìró bẹ́ẹ̀, máìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹdítọ̀ gé ọ̀rọ̀ ìyá pọ̀, fìríìjì ń fò wọlé ó ń fò jáde láàárín orin náà. A padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá gbà, wọ́n tún un kọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọjọ́ àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá wọ ilé onílé, mo máa ń tọrọ àyè kí n pa fìríìjì, mo sì máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi sínú rẹ̀. Bí mo bá gbàgbé láti tàn án padà, n kò ní lè wọlé mi lálẹ́. Máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kí o sì máa gba ohùn yàrá lásán sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, kí ẹdítọ̀ rí nǹkan fi dí àlàfo.

Ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe ọ̀nà aláìrílé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ ní Agodi, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, ta ni ìbá ti kọ́ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ nílẹ̀ wa? Ẹnu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ ọ. Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù tí gbogbo wa mọ̀, ìdí fọ́tò ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, wọ́n di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kámẹ́rà ní WNTV, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ní London. Ìwọ náà lè ti ọ̀dọ̀ bàbá yìí lọ ṣe HND, tàbí kí o lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tẹlifíṣọ̀n ti NTA ní Jos. Ti ẹ́díìtì, DaVinci Resolve, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe ẹ́díìtì lórí kọ̀ǹpútà, ní èyí tí wọn kì í gbowó lé lórí, àwọn tó ṣe é sì gbé ìwé ìkọ́ni rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá rí kọ̀ǹpútà tó lágbára díẹ̀, máa fi alẹ́ kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín wà nínú ìwé, bí télọ̀ àti mẹkáníìkì ṣe ń ṣe pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ wọn. Kí Màmá tẹ̀ lé ọ lọ, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Kí ìwé náà sọ ọjọ́ tí yóò parí. Kí ó sọ ẹni tó ń san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọjọ́ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ lè má gba owó oṣù, ṣùgbọ́n kò yẹ kó máa fi owó ìyá rẹ̀ wọkọ̀ lọ ṣiṣẹ́ fún onígbọ̀wọ́. Kí ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kámẹ́rà bá já lọ́wọ́ rẹ, torí mo ti rí ọmọ tí wọ́n ní kó máa sìn títí tí yóò fi san gbèsè lẹ́ǹsì. Kí orúkọ rẹ máa jáde ní ìparí ètò tí o bá ṣiṣẹ́ sí, àní bó jẹ́ pé olùrànlọ́wọ́ ohùn ni wọ́n pè ọ́.

Obìnrin ni ọ́, nítorí náà fetí sí èyí dáadáa. Bèèrè bóyá obìnrin mìíràn wà lára ikọ̀ wọn, kí o sì wá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, kí o bá a sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀gá nítòsí. Bí iṣẹ́ bá parí láago mọ́kànlá alẹ́, ta ni yóò gbé ọ délé? Bí ọ̀gá bá ní kí ìwọ nìkan wá bá òun ṣe ẹ́díìtì mọ́jú, má lọ, kó o sì sọ fún Màmá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ilé tó bá jẹ́ ti ọmọlúàbí kò ní bínú sí irú ìbéèrè wọ̀nyí. Èyí tó bá bínú ti dá ọ lóhùn.

Kí o tó buwọ́ lu ohunkóhun, bẹ bàbá kí wọ́n jẹ́ kí o wá jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ iṣẹ́ kan. Bí wọ́n bá gbà, tètè dé. Jẹun kúrò nílé, wọ bàtà pẹlẹbẹ tí kì í dún, pa ìró fóònù rẹ, kí o sì mú súwẹ́tà dání, torí inú sítúdíò máa ń tutù gan-an.