Kí ẹ tó ṣí gúrúùpù fún kíláàsì yín

Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ ṣí gúrúùpù WhatsApp fún kíláàsì ìṣirò yín, kí ẹ lè máa fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ síbẹ̀, kí àwọn ọmọ sì máa bi yín ní ìbéèrè lálẹ́. Ẹ ní ọmọ ọdún 11 sí 12 ni wọ́n. Ìdáhùn mi ni pé ẹ lè ṣí i, ṣùgbọ́n àwọn òbí ni kí ẹ kó síbẹ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ. Ẹ má sì fi iṣẹ́ ọmọ kankan síbẹ̀ láéláé, ì báà dára, ì báà burú. Ọmọ ọlọ́mọ ló bá mi jìyà ẹ̀kọ́ yìí kó tó yé mi, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ ní kíkún.

Ọdún 2020 ni èmi náà kó sí ọ̀rọ̀ gúrúùpù. Àrùn Kòrónà ti mú kí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa káàkiri ayé. UNESCO, àjọ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ lágbàáyé, ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sílé nígbà náà ju bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ lọ. Kò sí olùkọ́ tó ráyè ronú. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa la fi ṣiṣẹ́, fóònù ló sì wà lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a padà sí kíláàsì, mi ò tú gúrúùpù náà ká. Mo rò pé àǹfààní ni.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń máàkì iṣẹ́ lórí àròpọ̀ ìdá. Mo kan ìwé ọmọ kan tó kọ ọ́ pé 1/2 + 1/3 = 2/5. Ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Mo ti rí àṣìṣe yìí láìmọye ìgbà, mo wá ní kí n fi kọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ya fọ́tò ojú ìwé náà, mo fi àtàǹpàkò bo orúkọ ọmọ yẹn, mo gbé e sí gúrúùpù, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ wo ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe.” Mo bá sùn.

Ohun tí mi ò rò ni pé ọmọ náà máa ń fi bírò aláwọ̀ ewé fa ìlà méjì sábẹ́ gbogbo ìdáhùn rẹ̀. Òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì. Kò sí ẹni tó nílò orúkọ mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fọ́tò yẹn ti dé kíláàsì méjì mìíràn. Nígbà tí mo fi wọlé láàárọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ: Méjì-nínú-márùn-ún. Mo pa fọ́tò náà rẹ́ fún gbogbo gúrúùpù, ṣùgbọ́n píparẹ́ yẹn kò kan èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ síbòmíràn.

Ọmọ tó máa ń nawọ́ kí n tó béèrè ìbéèrè tán wá di ẹni tó ń sọ pé “mi ò mọ̀ ọ́n, sà” kí n tó dárúkọ rẹ̀ tán. Kò sì fa ìlà aláwọ̀ ewé mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Nínú kíláàsì, ọwọ́ méjèèjì wà lára mi. Bí mo bá sọ pé èyí kò dára, ojú mi wà níbẹ̀, ohùn mi wà níbẹ̀, mo lè rí i bí ojú ọmọ ṣe yí padà, mo sì lè sún mọ́ ọn kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára. Lórí gúrúùpù, ọwọ́ òsì nìkan ló dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn, ní aago mẹ́wàá alẹ́, mi ò sì sí níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ń fi í rẹ́rìn-ín.

Mo lọ bá àwọn òbí rẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Mo tún tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú gbogbo kíláàsì, nítorí níwájú gbogbo kíláàsì ni mo ti dójú tì í. Lẹ́yìn náà mo pín bébà. Mo ní kí wọ́n pín ọ̀kan sí ọ̀nà márùn-ún ọgbọọgba, kí wọ́n kun méjì níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣẹ́ òmíràn po sí méjì, kí wọ́n kun ẹyọ kan. A gbé méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Ìdajì nìkan ti ju méjì nínú márùn-ún lọ! Báwo la ṣe máa fi nǹkan kún ìdajì, tí yóò tún wá kéré sí ìdajì? Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọ yẹn gan-an ló ní ká pín bébà sí mẹ́fà: ìdajì gba mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta gba méjì, ó wá di márùn-ún nínú mẹ́fà. Bébà lásán ni. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, àmọ́ fọ́tò ló yá jù.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí orúkọ yẹn tó kúrò lẹ́nu wọn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí ẹ sọ yẹn náà, ẹ fara balẹ̀ sí i. Nígbà kan mo fi ìṣirò kan ránṣẹ́ tó ní 48 nínú. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ 23 nínú 36 ló fi 84 ṣe é. Ọmọ kan ló ṣì í kọ, ó ya iṣẹ́ rẹ̀ ní fọ́tò, ó fi sí gúrúùpù mìíràn tí wọ́n dá láàárín ara wọn, tí èmi kò sí níbẹ̀. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ wo ìbéèrè mi. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ìdáhùn ni mò ń béèrè lọ́wọ́ wọn, ìdáhùn náà ni wọ́n sì wá fún mi. Láti ìgbà yẹn, iṣẹ́ ilé kì í gba máàkì lọ́dọ̀ mi. Tó bá di àárọ̀, màá mú ọ̀kan nínú ìbéèrè náà, màá yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, wọ́n á ṣe é lórí bébà níwájú mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tó yé.

Ọ̀nà kan náà ni mo gbà nígbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó lè bá ènìyàn kọ àròkọ, dé ní ìparí 2022. Àròkọ wà lára ohun tí mò ń kọ́ wọn nígbà náà, mo sì kọ́kọ́ sá lọ bá ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó lè dá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ̀ yàtọ̀ sí tènìyàn. Ó ní ọmọbìnrin kan kò kọ àròkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo pè é, mo ní kó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó tún fi ohun tí kò ráyè kọ kún un. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo bi í kí n tó fìyà jẹ ẹ́. OpenAI tó ṣe ChatGPT pàápàá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde, wọ́n sì kó o kúrò nílẹ̀ ní oṣù keje 2023 nítorí pé ohun tó ń sọ kì í sábà tọ̀nà.

Mi ò kórìíra ẹ̀rọ o. Bí mo bá fẹ́ kọ́ wọn pé àpapọ̀ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú onígun mẹ́ta máa ń jẹ́ dígírì 180, GeoGebra, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ìṣirò, ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ á di orí igun kan mú, á máa fà á kiri, igun á máa fẹ̀, á máa súnkì, àpapọ̀ kò ní kúrò lójú 180. Wọ́n á ní kí n jẹ́ káwọn fà á títí yóò fi bà jẹ́. Kò ní bà jẹ́. Pátákó mi kò lè ṣe ìyẹn fún wọn, nítorí ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń wá ìdí ọ̀rọ̀.

Ní ti gúrúùpù yín, WhatsApp fúnra wọn ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò gbọ́dọ̀ dá a lò fúnra rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà òbí ni kí ẹ gbà. Láti 2018 ló ti ṣeé ṣe láti tì í kó jẹ́ pé alábòójútó nìkan ló lè kọ̀wé síbẹ̀. Ẹ tì í lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló lè rí nọ́ńbà ara wọn, kí ẹni tí kò bá fẹ́ lè sọ. Ohunkóhun tí ẹ bá fi síbẹ̀, kí ó wà lórí bébà pẹ̀lú, torí ọmọ tí kò sí fóònù nílé rẹ̀. Ní ti ìbéèrè alẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi fóònù òbí gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Mo ní ọmọ kan tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ní kíláàsì. Orí fóònù ìyá rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìbéèrè rẹ̀ sì jinlẹ̀ ju ti gbogbo kíláàsì lọ.

Ohun tí mo máa ń kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí, ẹ lò ó bí ó bá wúlò fún yín: “Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Iṣẹ́ ilé, ọjọ́ ìdánwò àti ìkéde nìkan ni ẹ óò máa rí níbí. Mi ò ní fi máàkì, fọ́tò tàbí ìwé ọmọ ẹnikẹ́ni síbí. Bí ọ̀rọ̀ bá wà nípa ọmọ yín, màá pè yín, ẹ̀yin náà ẹ pè mí.”