Píìnì Kan Kì Í Dúró: Kí Ni Kí N Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ́ bí a ṣe ń ṣí àgádágodo láìlo kọ́kọ́rọ́, fún ìgbádùn lásán. Mo ti ṣí èyí tí inú rẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n ti idẹ kò gbà fún mi. Píìnì, àwọn ọ̀pá kéékèèké inú rẹ̀, kì í dúró. Nígbà mìíràn sìlíńdà, ìyẹn apá tí kọ́kọ́rọ́ máa ń yí, á yí díẹ̀, á wá há. Ṣé irin tí mo fi ń ṣí i ni kò dára?

ÌDÁHÙN: Irin yín kọ́, ọwọ́ yín ló le jù. Méjì-méjì ni píìnì wà nínú àgádágodo, ọ̀kan lórí èkejì, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n wálẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé gbọ́dọ̀ bá etí sìlíńdà dọ́gba kó tó lè yí. Ihò wọn kò tò gún régé, nítorí náà bí ẹ bá rọra yí sìlíńdà, píìnì kan ló máa kọ́kọ́ há. Òun ni kí ẹ wá.

Ẹ ki irin ìyí bọ etí ihò kọ́kọ́rọ́, kí ẹ fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Bí èékánná yín bá funfun, ó ti pọ̀ jù: gbogbo píìnì á há pọ̀, ẹ kò ní mọ èwo lèwo. Ẹ wá fi irin ẹlẹ́nu títẹ̀ kan píìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó le ni kí ẹ gbé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dún "kẹ́". Ẹ dúró níbẹ̀ o! Bí ẹ bá gbé e kọjá, píìnì ìsàlẹ̀ á há sókè, àfi kí ẹ dẹ ọwọ́ kó lè já.

Ti sìlíńdà tó ń yí díẹ̀ tó ń há, píìnì òkè tí wọ́n gbẹ́ ní ìbàdí ló fà á. Wọ́n dìídì ṣe é láti tan ẹni tó ń ṣí i ni. Ẹ rọra tẹ píìnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti sìlíńdà padà, òun náà ni. Ẹ dẹ ọwọ́ lórí irin ìyí kí sìlíńdà lè padà díẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ títí yóò fi dún. Òmíràn lè já bọ́ nígbà náà. Ẹ tún un gbé.

Ẹ pa èyí tí inú rẹ̀ hàn tì. Ojú ló ń kọ́, ìka ló sì ń ṣiṣẹ́ yìí. Onípíìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló dára fún ìbẹ̀rẹ̀, kó jẹ́ tiyín, kó má sì jẹ́ èyí tó ń ti ilẹ̀kùn kankan lọ́wọ́, torí irin lè kán sínú rẹ̀.