Ọmọ Ọdún Mẹ́ta Pẹ̀lú Máòsì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 3, mọ fóònù lò dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ńṣe ni ó máa ń gbé máòsì sókè, tí yóò sì fi kan àwòrán lójú kọ̀ǹpútà. Ṣé ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ó lè kọ́ ọ, àbí kí n ṣì ní sùúrù? Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ọgbọ́n ni ọmọ yín ń lò. Lórí fóònù, ibi tí ìka bá kàn náà ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà, orí tábìlì ni ọwọ́ wà, ọfà kékeré sì ń rìn níbòmíràn, ojú ọmọ sì gbọ́dọ̀ kúrò lára ọwọ́ rẹ̀ kí ó máa tọpa ọfà náà. Ẹ̀kọ́ kan gédégbé nìyẹn. Títẹ máòsì, ẹ̀kọ́ mìíràn ni, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwa òbí máa ń pa méjèèjì pọ̀.

Nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ó lè kọ́ ọ, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni GCompris, àkójọ eré ẹ̀kọ́ fún ọmọdé, tí Bruno Coudoin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn ọmọ ọdún 2 sí 10 ni wọ́n ṣe é fún. Nínú eré kan níbẹ̀, àwọn búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ oríṣiríṣi bo àwòrán mọ́lẹ̀. Bí ọfà bá ti gba orí ọ̀kan kọjá, yóò pòórá, láìjẹ́ pé ọmọ tẹ ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò kà. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí kò bá wo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni kí ẹ tó sún sí èyí tí a ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ti títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léraléra le díẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Eré panápaná tún wà, níbi tí ọmọ yóò ti máa fi ọfà tọ rọ́bà omi tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, tí ohun tó dí omi yóò sì padà sẹ́yìn bí ó bá yà bàrá. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń kọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ wá máòsì kékeré tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbà, kí ẹ sì dín bí ọfà náà ṣe ń yára tó kù lórí kọ̀ǹpútà. Ní ti àsìkò, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé kí ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ má ṣe lò ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́ ní ìjókòó níwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ti fóònù sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, inú àsìkò fóònù ni kí ẹ ti yọ ti máòsì.