"Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn": kí ni ọ̀gá rẹ ń bá ọ sọ?

Ọmọ Adó-Èkìtì kan ló bi mí. Òun ló ń tọ́jú sáfà Linux, ìyẹn kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Fáìlì kan kọ̀, kò ṣí, ara ta á, ló bá tẹ chmod -R 777 /, àṣẹ tó ń ṣí gbogbo fáìlì orí ẹ̀rọ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, nínú àkáǹtì root, ìyẹn àkáǹtì tó láṣẹ lórí ohun gbogbo. Gbogbo nǹkan dàrú. Ọ̀gá rẹ̀ dé, kò bá a jà, ó kàn ní, "Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn," ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ní kí n túmọ̀ òwe náà fóun, kí n sì sọ bóyá sáfà ṣì lè padà sípò.

Àbúrò, ká ti ibi òwe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́, orí àpáta la máa ń sá nǹkan sí: èlùbọ́, láfún, kíjìpá tí màmá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹni tó ń kọjá rí i, kò sí láburú. Ṣùgbọ́n aṣọ tí obìnrin fi ṣe nǹkan oṣù, kọ̀rọ̀ yàrá ló ń gbẹ sí. Níbi ìpàdé ẹbí lo ti máa gbọ́ òwe yìí jù: ẹnì kan fẹ́ tú ọ̀rọ̀ ilé síta lójú àna, àgbàlagbà kan á wúkọ́, á pa òwe náà, onítọ̀hún á sì gbé ẹnu dúró.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé "fi í pamọ́" ni òwe náà ń wí. Èmi ò gbà. Aṣọ tí a ò sá sóòrùn náà, a fọ̀ ọ́, a sì sá a; ibi tó yẹ ẹ́ la sá a sí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni sáfà rẹ. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ń sọ ẹni tó lè fọwọ́ kan fáìlì: ti ẹni tó ni ín, ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ti gbogbo ayé; 4 ni kíkà, 2 ni kíkọ, 1 ni mímú un ṣiṣẹ́, a ó sì ro wọ́n pọ̀. /etc/passwd jẹ́ 644: gbogbo ayé lè kà á, root nìkan ló lè kọ nǹkan sí i. Kíjìpá orí àpáta nìyẹn. /etc/shadow, níbi tí páàsíwọ̀ọ̀dù wà, 640 ni lórí Debian, ẹ̀yà Linux kan. /tmp jẹ́ 1777: ẹnikẹ́ni lè ju nǹkan síbẹ̀, àmọ́ 1 iwájú yẹn ni kì í jẹ́ kí o pa fáìlì ẹlòmíràn rẹ́. /usr/bin/sudo, tó ń yá ẹni ní agbára root, ní 4 níwájú nọ́ńbà mẹ́ta tirẹ̀, òun ló ń jẹ́ kó fi agbára root ṣiṣẹ́. Dennis Ritchie ti Bell Labs gba ìwé àṣẹ onímọ̀ (patent) lórí ọgbọ́n yẹn ní 1979. 777 rẹ ti gbá 4 náà dànù, ni sudo fi kọ̀. sshd, tó ń jẹ́ ká wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, náà rí i pé kọ́kọ́rọ́ òun wà níta gbangba, ó ní òun ò lò ó. Wọn ò bàjẹ́ o, ojú ló ń tì wọ́n.

Má tún wá tẹ chmod -R 755 /. Kíkó gbogbo aṣọ wọ yàrá kan ṣoṣo nìyẹn.

Bí o bá ṣì wà nínú root, má jáde. Bí o bá ti jáde, fi fláàṣì tó ní Linux tan ẹ̀rọ náà, kí o mount dísíìkì rẹ̀, kí o sì fi chroot wọ inú rẹ̀ kí o tó tẹ àṣẹ kankan. Lórí Red Hat àti àwọn ìbátan rẹ̀, tẹ rpm --setugids -a ṣáájú, kí rpm --setperms -a tẹ̀ lé e, torí yíyí ẹni tó ni fáìlì padà máa ń pa 4 yẹn rẹ́. Debian àti Ubuntu kò ní irú rẹ̀: apt-get install --reinstall ni wàá fi tún àwọn pákéèjì gbé kalẹ̀, kí o sì fọwọ́ tún àwọn fódà ṣe. Ó sì yá jù bí ẹ bá ní ẹ̀rọ mìíràn tó jọ ọ́: fi getfacl -R kó ìyọ̀ǹda tibẹ̀ sínú fáìlì kan, kí o dúró sí / lórí tìrẹ, kí o fi setfacl --restore dá a padà. Fáìlì tí ẹ̀yin fúnra yín dá sílẹ̀, kò sí àṣẹ kan tó mọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo máa rántí. ~/.ssh, fódà kọ́kọ́rọ́ rẹ, jẹ́ 700, kọ́kọ́rọ́ àdáni 600.

Aṣọ tó sùn síta mọ́jú, ta ló mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án? Pààrọ̀ páàsíwọ̀ọ̀dù àti kọ́kọ́rọ́ gbogbo. Bí àkọsílẹ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́ bá wà lórí ẹ̀, èmi ò tiẹ̀ ní í tún un ṣe: màá kó dátà kúrò, màá fi Linux tuntun sí i.