Ọ̀gá àwọn sísítà kọ̀wé fipò sílẹ̀: ṣé ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ti tú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Fádà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ àwọn sísítà kan. Sáà rẹ̀ kò tíì pé tó fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àwọn ará ilé ní ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ti tú nìyẹn, pé ká lọ kó ẹrù rẹ̀ wálé. Ẹnì kan tilẹ̀ ń béèrè owó àdúrà ìtúsílẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ má sì kó ẹrù kankan.

Ipò ni ẹ̀gbọ́n yín fi sílẹ̀, kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì ń dùn mí, torí orúkọ ọmọlúàbí ni wọ́n ń fi bàjẹ́. Iṣẹ́ ni ipò ọ̀gá, wọ́n ń gbé e léni lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbà á padà. Ọlọ́run ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún. Sísítà tó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ títí ayé, tó bá fẹ́ kúrò, ìwé ọ̀tọ̀ ni yóò kọ, Róòmù ni yóò sì fọwọ́ sí i, tàbí bíṣọ́ọ̀bù bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù. Láìsí ìyẹn, bó bá lọ́kọ, asán ni ìgbéyàwó náà lójú òfin Ìjọ, abala 1088.

Àwọn tó ń sọ pé ó ní láti jẹ́ pé ó ṣẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo àwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ àwọn fádà àti bùrọ́dà nínú Ìjọ Kátólíìkì. Òfin wọn ní títí ikú ni ọ̀gá àgbà wọn ń wà nípò, síbẹ̀ mẹ́ta ló fipò sílẹ̀ tẹ̀ léra. Pedro Arrupe fẹ́ lọ ní 1980, Póòpù John Paul Kejì ní kó dúró ná. Ní August 1981, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọ̀rọ̀ sísọ di ìṣòro. Nígbà tí ìpàdé gbogbogbòò wọn gba ìwé rẹ̀ ní September 1983, ẹlòmíràn ló bá a ka ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀. Jésúìtì ló ṣì jẹ́ nígbà tó kú ní Róòmù, ní 1991. Peter-Hans Kolvenbach tó tẹ̀ lé e fipò sílẹ̀ ní 2008, ó padà sí Lẹ́bánónì, ó sì ṣiṣẹ́ nílé ìkówèésí ní yunifásítì wọn ní Beirut. Adolfo Nicolás náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Ọjọ́ orí àti àìlera ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè nìyí: ṣé wọ́n ti gba ìwé rẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kó sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Níbi tí ó bá ti gba pé kí aláṣẹ fọwọ́ sí i, bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìsí ìdáhùn, ìwé náà ti kú. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n fi ìhàlẹ̀ líle àìtọ́ mú un kọ ọ́ ni, kò fìdí múlẹ̀ rárá. Èmi kò rí ìwé rẹ̀, n kò sì rí òfin ẹgbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀; nítorí náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe aládùúgbò.

Ẹ lọ kí i, ẹ gbé oúnjẹ dání. Ẹ má wá ọkọ fún un. Ẹni tó ń béèrè owó yẹn, ẹ fi orúkọ rẹ̀ tó fádà páríìṣì yín létí.